Yàrá Kan ní Alágbàká

Inú yàrá òfìfo kan ní Alágbàká ni Akíntóyè ti kọ́kọ́ rí Olúyẹ́misí. Obìnrin náà ti bọ́ bàtà sílẹ̀, ó ń tẹ ilẹ̀ yàrá náà káàkiri bí ẹni pé ó ti di tirẹ̀. Ó wu ọkùnrin náà lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n mọ̀ pé ajẹ́ńtì ti gbowó lọ́wọ́ àwọn méjèèjì lórí yàrá kan ṣoṣo. Ojú kì í ti irú àwọn ajẹ́ńtì bẹ́ẹ̀.

Ọdún tí owó ilé ń fò sókè, tí owó oṣù jókòó sójú kan, ni. Tíṣà ni Yẹ́misí, ọmọ Oǹdó. Akíntóyè, ọmọ Ìjàrẹ́, ń tún ẹ̀rọ omi ṣe. Ọ̀gbẹ́ni Johnson tó nílé ní òun kì í gba obìnrin tí kò lọ́kọ. Akíntóyè náà kò láya, síbẹ̀ òun ni wọ́n ń na kọ́kọ́rọ́ sí. Ẹ gbọ́ ná, ṣé ọkọ ló ń bá a kọ́ àwọn ọmọ níléèwé ni?

Akíntóyè ní ẹni tó kọ́kọ́ dé ni kí wọ́n fún, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òun náà kò fẹ́. Inú ló bí wọn jáde, ìfẹ́ sì bá wọn lọ́nà. Kò pẹ́ tó fi ń pè é ní Tíṣà mi, tí òun náà ń pè é ní Olómi mi.

Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ Agnes ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni Yẹ́misí ń há mọ́, àánú rẹ̀ sì mú kí Akíntóyè ṣìṣe. Ó lọ sọ fún Johnson pé àwọn ti ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, ó gba kọ́kọ́rọ́, ó mú un wá fún Yẹ́misí tayọ̀tayọ̀.

"Ta ló fi mí fún ọ?" ni Yẹ́misí bi í.

"Olólùfẹ́ mi, kí o lè ríbi sùn ni."

"Bàbá mi ò tíì rí ọ, onílé ti rí ìyàwó rẹ."

Ó dá kọ́kọ́rọ́ náà padà fún un, ó sì lọ. Bàbá rẹ̀ gbọ́ ní Oǹdó pé ó fẹ́ lọ gba yàrá ní Ọjà Ọba, ó gbè sẹ́yìn onílé Alágbàká. Ó ní Alágbàká ni ibi ọmọlúwàbí, kí ni tíṣà ń wá láàárín ariwo Ọjà Ọba? Ọmọlúwàbí wo? Níbi tí aládùúgbò kò ti mọ orúkọ ara wọn, ṣùgbọ́n tí wọ́n ń bèèrè ọkọ ẹni!

Ọjà Ọba náà ni Yẹ́misí lọ. Ilẹ̀kùn kọjú sí ilẹ̀kùn, balùwẹ̀ kan ni gbogbo ilé ń lò, ẹ̀rọ àwọn télọ̀ kì í sinmi. Ìyá Ìbídùnní, arúgbó tó nílé, bi í bóyá yóò máa gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó bá kàn án. Yẹ́misí ní bẹ́ẹ̀ ni, ó sì bèèrè bóyá ìyá ò ní bi òun nípa ọkọ.

"Ọ̀ràn ọkọ ò kan ulé yìí, ọmọ mi."

Akíntóyè wá a débẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti dá kọ́kọ́rọ́ Alágbàká padà, ó sì ti jẹ́wọ́ irọ́ rẹ̀ fún Johnson.

"Mo fi ọ́ ṣe ìyàwó kí n tó bi ọ́," ló wí.

"Bi mí wàyí."

"Yẹ́misí, ṣé wàá fẹ́ mi?"

Inú ṣì ń bí Yẹ́misí, ó sì fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi.

"Lọ bá bàbá mi ní Oǹdó. Sọ fún wọn pé ọmọ wọn ti nílé, ọkọ ló fẹ́ gbà sínú ẹ̀."