Ìrọ̀rí Tí Máníjà Kò Jẹ́ Fi Orí Lé

Àlejò yàrá kejìlá ní òtẹ́ẹ̀lì kan ló fa ìrọ̀rí rẹ̀ ya. Ojú rẹ̀ ti wú, ọrùn ń yún un, ó sì ti sín títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Ohun tó dà sórí bẹ́ẹ̀dì ni àgékù fóòmù, akísà, irun, àti ìbọ̀sẹ̀ ẹsẹ̀ kan tó ti dágbére fún èkejì rẹ̀.

"Èyí lẹ ń pè ní ìrọ̀rí tuntun?"

Máníjà sáré dé pẹ̀lú táì lọ́rùn. Ó dọ̀bálẹ̀ ààbọ̀, kí ṣòkòtò má baà rún. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí Ìyá Bẹ́ẹ̀dì, obìnrin tó ti ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì níbẹ̀ láti ọdún mọ́kànlá.

"Ìyá, ibo lẹ kó ìrọ̀rí wa lọ?"

"Èmi kẹ̀, sà?"

"Ọwọ́ yín ni kọ́kọ́rọ́ sítọ́ọ̀ wà. Màmá tó ni òtẹ́ẹ̀lì ń bọ̀ lọ́la pẹ̀lú ọlọ́pàá. Ẹ tètè jẹ́wọ́."

Ìyá Bẹ́ẹ̀dì ṣa àgékù fóòmù náà jọ. Kì í ṣe iṣẹ́ nìkan ló fẹ́ bọ́ yìí, orúkọ rẹ̀ ni. Ta ló máa gba olè síṣẹ́ nínú yàrá àlejò?

Ó wọ yàrá kan bọ́ sí òmíràn, ó ń ká ìrọ̀rí sí méjì. Ìrọ̀rí gidi, bí o bá ká a tí o sì fi í sílẹ̀, kíá ló máa na ara rẹ̀. Èyí tó ti kú á kàn dùbúlẹ̀ síbẹ̀ ni. Ìwọ tó ń kà á, dán an wò níbikíbi tó o bá sùn sí. Gbogbo ti òtẹ́ẹ̀lì yìí ló ti kú, aṣọ funfun tuntun ni wọ́n fi bo òkú wọn. Ó kó ogójì nínú wọn jọ sóòrùn lẹ́yìn ilé, lábẹ́ fèrèsé ọ́fíìsì Máníjà.

Nígbà tó ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì Máníjà lókè, ó rí ìrọ̀rí kan lábẹ́ tábìlì, èyí tí ọ̀gá fi ń sùn lọ́sàn-án. Ó ká a. Ó ta padà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá a nímú. Àmì òtẹ́ẹ̀lì wà lára rẹ̀.

Ilẹ̀kùn ṣí. "Kí lẹ ń wá níbẹ̀?"

"Eruku, sà."

"Ṣé ẹ rí i?"

"Ó pọ̀ gan-an ni, sà."

Lọ́jọ́ kejì, ọlọ́pàá jókòó sí ọ́fíìsì náà, Màmá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Máníjà dúró nítòsí fèrèsé.

"Ìyá, ta ló jí ìrọ̀rí?"

"Ẹ jẹ́ kí n ká a fún yín, ọ̀gá."

Ó ká ọ̀kan láti yàrá àlejò, kò mira. Ó fa ti abẹ́ tábìlì yọ, ó ká a, ó ta wìì.

Màmá dìde. "Àmì mi rèé! Igba irú ẹ̀ ni mo rà. Àwọn yòókù dà?"

Máníjà wo ilẹ̀kùn, ọlọ́pàá ti dí i. Ó wo fèrèsé, ó rí òkìtì ìrọ̀rí nísàlẹ̀, ó sì bẹ́ lé e. Ọkùnrin náà ti gbàgbé ohun tó rán sínú wọn. Gbì! Ọrùn ẹsẹ̀ yẹ̀. Ọlọ́pàá àti àwọn obìnrin méjèèjì rọra gba orí àtẹ̀gùn sọ̀ kalẹ̀.

"Ta lẹ tà á fún?" ni ọlọ́pàá bi í.

"Àbúrò ìyàwó mi! Ó ní ṣọ́ọ̀bù fóòmù. Ìyá ò mọ nǹkan kan, èmi ni mo rán akísà sínú ti àtijọ́. Yéè, ẹsẹ̀ mi!"

Màmá di Ìyá Bẹ́ẹ̀dì lọ́wọ́ mú níwájú gbogbo òṣìṣẹ́. "Ẹ má bínú. Wọ́n purọ́ mọ́ yín." Ìyá Bẹ́ẹ̀dì bú sẹ́kún, ara rẹ̀ fúyẹ́.

"Ẹ wá ìrọ̀rí kan tí a ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lé," ni ọlọ́pàá wí.

Ìyá Bẹ́ẹ̀dì nu ojú rẹ̀. "Èwo ni kí n mú wá, sà? Ti Màmá, àbí ti Máníjà?"

"Ti Màmá," ni Máníjà ń bẹ̀bẹ̀ lórí òkìtì náà, "ẹ jọ̀ọ́, ti Màmá."