Olùkọ́ Ìṣirò Ọjọ́ Kan

Ọ̀gbẹ́ni Akínsànmí ń súfèé orin ìjọ bó ṣe ń wọ ọgbà ilé ẹ̀kọ́ girama tó ti ń kọ́ni ní ìmọ̀ Bíbélì ní àdúgbò Okere láàárọ̀ ọjọ́ kan. Òun ni alága ẹgbẹ́ olùkọ́ níbẹ̀, kò sì fi ipò náà ṣeré. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ ń ṣàìsàn, ẹgbẹ́ ló dúró tì í. Nígbà tó kú, àwọn ló bá a gbé pósí. Látọjọ́ náà ló ti gbà pé ẹni tó bá fọwọ́ kan ọmọ ẹgbẹ́, òun ló fọwọ́ kàn. Ilé ẹ̀kọ́ yìí kan náà ló fi Ọláídé, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, sí, nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń kó tiwọn lọ sí ilé ẹ̀kọ́ aládàáni.

Ọláídé ti wà ní kíláàsì àṣekágbá, nọ́ọ̀sì ló sì fẹ́ ṣe.

"Daddy, Uncle Kingsley no dey come our class o," ó máa ń wí. "How we go take pass maths?"

"Pa ẹnu mọ́," ni bàbá rẹ̀ máa ń fèsì. "Ọmọ ẹgbẹ́ wa ni. Ọ̀rọ̀ ilé kì í jáde síta."

Olùkọ́ ìṣirò ni Kingsley, àmọ́ àdúgbò Airport Road ló máa ń wà lásìkò iṣẹ́, tó ń kọ́ àwọn ọmọ olówó ní lẹ́sìnnì.

Agogo àárọ̀ ọjọ́ náà ò tíì pẹ́ tó lù tí ọkọ̀ alábẹ̀wò láti ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ fi wọlé láìròtẹ́lẹ̀. Akínsànmí pe Kingsley títí, kò gbé e. Àwọn olùkọ́ ibẹ̀ ní ọ̀nà tí wọ́n ń gbà yọ ara wọn: ẹlòmíì á wọ kíláàsì ẹni tí kò sí. Alága mú ṣọ́ọ̀kì, ó wọ kíláàsì àwọn Ọláídé, ó da ìṣirò tí ìwé ti ṣe tán kọ sójú bọ́ọ̀dù.

Obìnrin alábẹ̀wò náà kò mọ̀ pé bàbá àti ọmọ ni wọ́n. Ọláídé tó jókòó níwájú ló bi.

"Ṣé olùkọ́ yìí ló ń kọ́ yín ní ìṣirò?"

Ọmọ náà wo bàbá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ rọra fi orí sọ pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Yes, ma."

Inú obìnrin náà dùn. "Ẹ ṣeun, sà. Àwọn òbí kọ̀wé sí wa pé ẹ ò ní olùkọ́ ìṣirò. Tuntun kan ti wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ fún yín. Ẹ jẹ́ n tètè mú un lọ fún àwọn tí kò ní rárá."

Akínsànmí sìn ín dé ìdí ọkọ̀. Kò jẹ́wọ́ títí ọkọ̀ fi jáde.

Nígbà tí èsì ìdánwò dé, Ọláídé yege nínú gbogbo rẹ̀ àyàfi ìṣirò. Ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì kò sì gba ẹni tí kò ní ìṣirò.

"Ṣé o ò kàwé ni?" ni bàbá rẹ̀ bi í.

"Daddy, who teach me?" Omi lé ròrò sójú rẹ̀. "That day, na you nod your head. I talk yes because of you."

Ọjọ́ tí ìyàwó rẹ̀ kú, ẹgbẹ́ bá a sunkún. Ẹkún ọjọ́ yìí, òun nìkan ló sun ún.

Ní ìpàdé ẹgbẹ́, ó sọ ohun tó ṣe láìfi nǹkan kan pamọ́.

"Chairman, you wan sell us?" ni Kingsley fi ìbínú bi í.

"If dem lie for your head, I go fight for you," ni Akínsànmí wí. "But union no be blanket wey you go take cover. Anybody wey no enter class, na we suppose ask am first. If teacher no dey, na we suppose tell office make dem send person."

Ó fi ipò sílẹ̀, ó sì lọ jẹ́wọ́ ní ọ́fíìsì. Wọ́n bá a wí, wọ́n dá Kingsley padà sí kíláàsì. Olùkọ́ tuntun náà ti fìdí kalẹ̀ níbòmíì. Ọláídé ń bá wọn tajà ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì kan báyìí, ó ń retí ìgbà tí yóò tún ìdánwò ìṣirò ṣe. Kì í sábà bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀ ìwé mọ́.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹgbẹ́ dára. Ẹ gbèjà ẹni tí wọ́n bá rẹ́ jẹ, ẹ jà fún ohun èlò ìkọ́ni. Àmọ́ bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò tí kò dáa, tí a ò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ẹ̀yin òbí, ẹ máa bi ọmọ yín léèrè ohun tí wọ́n kọ́ ọ lónìí. Bó bá ní olùkọ́ kò wá, ẹ ṣèwádìí, kí ẹ sì gbé e dé ìpàdé òbí àti olùkọ́. Ọláídé kúkú sọ. Bàbá rẹ̀ ló ní kó pa ẹnu mọ́.