Epo Tí Mo Dà Sínú Kòtò

Ìwọ tí ò ń ka ìwé yìí, ṣọ́ra. Bí o bá ní ohun tí ò ń fi pa mọ́, má lọ fẹ́ obìnrin tó ń kọ́ ọmọdé. Àwọn ọmọ yẹn á rí i. Mo ti sọ tèmi.

Ní 1986, Gulfton, ní ìlú òyìnbó, ni mò ń gbé. Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni mí nígbà náà. Mò ń tún mọ́tò àwọn ará ilé ṣe lẹ́yìn apartment wa, létí kòtò omi kan. Ìwé tí mo fi wọ ìlú ti kọjá ọjọ́. Nítorí náà, bí mo bá ti gbọ́ ẹsẹ̀ àlejò, abẹ́ mọ́tò ni mò ń wọ̀.

Sátidé kan, mo gbọ́ ẹsẹ̀. Mo wọ abẹ́ mọ́tò.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, bọ̀dá tó wà nísàlẹ̀. Ẹsẹ̀ yín wà níta."

Mo yọjú. Obìnrin kan ni, ọmọ mẹ́fà tẹ̀ lé e, kálukú mú bùtá dání. Ó ń rẹ́rìn-ín. Ọkàn mi lọ síbẹ̀ lójú ẹsẹ̀, n ò ní purọ́.

Morónkẹ́ lorúkọ rẹ̀. Daycare ló ti ń ṣiṣẹ́, ọkọ rẹ̀ ti kú láti ọdún márùn-ún. Ní Sátidé, ó ń kọ́ àwọn ọmọ mọ́ṣáláṣí wa.

"Kí lẹ fẹ́ fi bùtá ṣe níbí?" mo bi í.

"Ẹ̀kọ́ omi ni. Ìwé òyìnbó ni mo kọ́kọ́ mú wá. Àwọn òbí ní kéwú làwọn rán ọmọ wá kọ́. Ni mo bá bi wọ́n pé omi tó ti yí àwọ̀, tó yí òórùn, tó yí adùn, ṣé a lè fi ṣàlùwàlá?"

"A ò lè fi ṣe."

"Ẹ̀kọ́ náà nìyẹn. Omi yòówù kí wọ́n rí, ohun tí wọ́n á bi ara wọn nìyẹn. Kò sí òbí tó tún ráhùn."

"Ẹ má sáà jẹ́ kí wọ́n tọ́ tibí wò o."

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n èmi ò rẹ́rìn-ín, nítorí Bísọ́lá, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ létí kòtò. "Auntie, look! Ó ń dán!"

Èmi ni mò ń da epo ẹ́ńjìnnì tó ti dọ̀tí síbẹ̀. Mo padà sábẹ́ mọ́tò.

Láti ọjọ́ yẹn, Sátidé-Sátidé ni mọ́tò Morónkẹ́ ń ṣàìsàn. Mo mọ̀ pé nǹkan kan ò ṣe é. Òun náà mọ̀. Á gbé mọ́ínmọ́ín wá, á jókòó sórí táyà.

"Àbẹ̀kẹ́ mi," mo pè é lọ́jọ́ kan.

"Ta ló sọ oríkì mi fún yín?"

"Ojú rẹ ni."

"Bísọ́lá ni, àbí? Ọmọ yẹn!"

Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, ẹ̀rù wá ń bà mí sí i. Síbẹ̀, mi ò yéé da epo.

Alàájì Ùsáínì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó bí Bísọ́lá, ni yóò fi í fún ọkọ. Mo lọ tọrọ rẹ̀. Ó ní kí àwọn ọmọ fi ẹ̀kọ́ wọn han àwọn òbí ní mọ́ṣáláṣí ná, lẹ́yìn náà òun á dá mi lóhùn.

Ọjọ́ náà pé. Bísọ́lá da omi kòtò láti inú bùtá sínú abọ́ funfun. Epo tàn ká ojú omi.

"Daddy, ṣé ẹ lè fi ṣàlùwàlá?"

"Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ta ló da eléyìí?"

"Àwọn ará Mexico tó ń gbé ìsàlẹ̀ yẹn ni," ni baba kan wí. Gbogbo wọn gbà bẹ́ẹ̀.

Alàájì ní, "Morónkẹ́, ó tó gẹ́ẹ́. Má kó ọmọ lọ síbi ẹ̀gbin ẹlòmíràn mọ́. Ẹ̀kọ́ náà parí lónìí."

Mo wo Morónkẹ́. Ó ń ká etí ìbòrí rẹ̀ mọ́ ìka. Bí mo bá dákẹ́, wọn á fi í fún mi. Bí mo bá sọ̀rọ̀, ó lè bọ́ lọ́wọ́ mi, ẹnì kan sì lè pe àwọn aláṣẹ ìlú. Mo dìde.

"Kì í ṣe wọ́n. Epo... epo mi ni."

"Ìwọ tó fẹ́ fẹ́ àbúrò mi? O sì jókòó, ò ń gbọ́ bí a ṣe ń purọ́ mọ́ni?"

"Mo gbọ́, sà. Òun ló jẹ́ kí n sọ̀rọ̀."

Baba kan ní ká pe àwọn aláṣẹ. Alàájì gbé ọwọ́ sókè. "Ẹni tó jẹ́wọ́ lójú ọmọdé, a ò ní fà á lé àlejò lọ́wọ́." Ó kọjú sí mi. "Wàá máa kó epo ìdọ̀tí gbogbo ará wa sínú dírọ́ọ̀mù, wàá máa gbé e lọ sí ilé epo tó ń gba irú rẹ̀. Sátidé-Sátidé, wàá dúró níwájú àwọn ọmọ yìí, wàá sọ ohun tó o ṣe. Oṣù mẹ́fà. Lẹ́yìn ìyẹn, bó bá ṣì ń fẹ́ ọ, n ò ní dí i lọ́wọ́."

Bí ẹ̀kọ́ náà ò ṣe parí nìyẹn.

Bísọ́lá ló ń béèrè jù. "Uncle, ojú ò tì yín?"

"Ó tì mí."

Ọ̀sẹ̀ méjì, mi ò rí mọ́ínmọ́ín. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, Morónkẹ́ gbé kúlà kalẹ̀. "Inú mi ò tíì rọ̀ o. Ẹ jẹun."

Oṣù mẹ́fà pé, wọ́n so yìgì wa ní pálọ̀ Alàájì. Inú mi dùn, mo sunkún. Nígbà tí àlejò lọ tán, àwa méjèèjì ń fọ àwo.

"Àbẹ̀kẹ́ mi, ṣé o ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé èmi ni?"

"Mẹkáníìkì mélòó ló wà lẹ́yìn apartment yẹn?"

Mo gbé àwo tí mò ń fọ̀ kalẹ̀. "Ká ní mi ò sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà ńkọ́? Kí lo máa ṣe?"

Ó nu ọwọ́ rẹ̀.

"Ìyẹn, mi ò ní sọ," ó wí. "Ẹ gbé àwo yẹn wá."