Àyè Moṣọpẹ́ Nínú Orin

"Moṣọpẹ́, ọ̀la ni o. Má jẹ̀ẹ́ kí n máa wọ̀nà lásán."

Lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ni Màmá Magdalene, ìyá tó bí ìyá Moṣọpẹ́, ti sọ̀rọ̀ yìí. Àìsàn ọkàn ti dá a dùbúlẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló bẹ̀bẹ̀ fún: kí ẹgbẹ́ akọrin rẹ̀ ní Dagenham, nílùú Lọ́ńdọ̀nù, wá kọrin fún òun lọ́jọ́ kejì. Ìwé orin àtijọ́ kan ni wọ́n ń lò, èyí tí àmì ohùn kọ̀ọ̀kan ní ìrísí tirẹ̀: onígun mẹ́ta ni fa, róbótó ni so, onígun mẹ́rin ni la. Ohùn mẹ́rin ló ń para pọ̀ di orin. Màmá ló fi áltò, ọ̀kan nínú ohùn mẹ́rin náà, kọ́ Moṣọpẹ́, kò sì sí ẹlòmíràn tó mọ̀ ọ́n nínú ẹgbẹ́ náà mọ́.

"Màá wá, Màmá," ni ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náà dáhùn.

Lọ́jọ́ kejì, bí wọ́n ṣe jáde nílé ìwé, Tóbi àti Hamidah, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ní kó bá àwọn lọ sí ilé ìtajà Vicarage Field. Ó sọ fún wọn pé ọsibítù lòun ń lọ, láti kọ orin fa-so-la fún Màmá. Tóbi bú sẹ́rìn-ín.

"Fa-so-la? Abeg! Ṣé ìwọ náà ti di màmá ìjọ ni?"

Ojú ti Moṣọpẹ́. Ó pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù pé olùkọ́ dá àwọn dúró fún ẹ̀kọ́ àfikún, ó sì tẹ̀ lé wọn.

Nígbà tó délé, ojú ìyá rẹ̀ ti wú.

"Wọ́n kọrin, àmọ́ Màmá ṣáà ń béèrè pé, 'Áltò dà?' Nígbà tí kò gbọ́ ọ, òun fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́. Èémí rẹ̀ ò gbé e. Nọ́ọ̀sì ló sáré wọlé."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Moṣọpẹ́ di ọwọ́ Màmá mú ní ọsibítù. Màmá ń mí, ṣùgbọ́n kò lajú. Ọmọ náà kọ áltò náà dé òpin. Láìsí ohùn mẹ́ta yòókù, kò jọ orin rárá. Ó dà bí ẹni tó ń ráhùn lójú oorun. Màmá kò mira.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Màmá jáde láyé.

"Mọ́mì, irọ́ ni mo pa," ni Moṣọpẹ́ jẹ́wọ́. " Kò sí ẹ̀kọ́ kankan."

Ìyá rẹ̀ dáhùn pé:

"Mo sọ fún Màmá pé ìwé lò ń kà. Inú rẹ̀ dùn. Ó ní kí n má bá ọ wí."

Ó ti yé Moṣọpẹ́ wàyí pé ẹ̀rín ẹlẹ́yà ọ̀rẹ́ kì í pẹ́ tán, ṣùgbọ́n ẹni tó ń retí wa lè má dúró di ìgbà tó bá wù wá láti dé.