Orí Ìkẹyìn Tí Kò Fẹ́ Tán

Òòró ni ọkùnrin náà ń sùn. Ó dúró ti tábìlì tíì, bisikíìtì ń bẹ lẹ́nu rẹ̀, ife gbígbóná ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ sì ti pa dé. Nígbà tí ife náà bẹ̀rẹ̀ sí í fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni ọmọbìnrin tí wọ́n ń pè ní Ọmọ Aránṣọ sáré gbà á.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé báyìí ni wọ́n ṣe ń sùn nílé yín?"

Ọkùnrin náà lajú, ó jẹ bisikíìtì rẹ̀ tán kó tó fèsì. "Bẹ́ẹ̀ ni. Bàbá wa gan-an, orí àkàbà ni wọ́n ń sùn sí."

Ẹ̀rín pa Ọmọ Aránṣọ débi pé ó da tíì náà sí bàtà ara rẹ̀. Ó sọ ọkùnrin yìí ní Asùnlóòró lójú ẹsẹ̀, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára. Báyìí ni ìfẹ́ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀, kò sí òdòdó, kò sí orin.

Kọ́ọ̀sì ìmọ̀ ìràwọ̀ ló kó wọn jọ, ẹ̀kọ́ ọlọ́sẹ̀ méjì tí wọ́n máa ń ṣe lọ́dọọdún fún àwọn tó ń kàwé gboyè ọ̀mọ̀wé. Ẹ̀kọ́ láàárọ̀, ìṣirò lọ́sàn-án, ìràwọ̀ wíwò lóru. Kó tó parí, ojú gbogbo wọn á ti jìn wọnú. Òfin kan wà níbẹ̀: ẹni tó bá ti gboyè tán kò gbọdọ̀ wá mọ́.

Ìlú àwọn méjèèjì jìnnà síra gan-an, nítorí náà ibí yìí nìkan ni wọ́n ti ń fojú kanra. Wọ́n pàdé lọ́dún kìíní, wọ́n fẹ́ràn ara wọn lọ́dún kejì. Látìgbà náà ni ìwé tí Ọmọ Aránṣọ ń kọ láti fi gboyè ti dúró sójú kan. Orí ìkẹyìn nìkan ló kù, ṣùgbọ́n bó bá kọ ojú ìwé méjì, á pa méjèèjì rẹ́. Ọ̀gá tó ń bójú tó ìwé náà bínú títí, ó sú u.

Ti ìyá rẹ̀ ló dùn ún jù. Ojú ìyá náà ti ń ṣú, síbẹ̀ kò lè kúrò nídìí máṣíìnì ìránṣọ, torí ọmọ kò tíì ríṣẹ́.

"Ìràwọ̀ wo lò ń kà tí kì í tán?" ni ìyá bi í. "Ọmọ mi, ó ti rẹ̀ mí o."

"Màámi, ẹ má bínú."

Lọ́dún kẹta, Asùnlóòró wá bá a lẹ́yìn ẹ̀kọ́ ọ̀sán, ó ń rẹ́rìn-ín. "Mo ti parí ìwé mi. Wọ́n ti gbà á, oṣù tó ń bọ̀ ni màá gboyè."

"O kú oríire," ni Ọmọ Aránṣọ wí, ó sì kọ ẹ̀yìn sí i. Látọjọ́ náà, tábìlì mìíràn ló ti ń jẹun.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ sílé, Asùnlóòró bá a lórí àtẹ̀gùn, ó jókòó tì í.

"Kí ni mo ṣe?"

"O parí."

"Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni kéèyàn parí ìwé ni?"

"Ìwọ parí, èmi ò parí nítorí ẹ!" Omijé bọ́ lójú rẹ̀. "Ó yẹ kí n ti gboyè lọ́dún tó kọjá. Mò ń fà á sẹ́yìn kí wọ́n lè gbà mí síbí. Màámi ń fọ́jú lọ, èmi ń pa ìwé rẹ́."

Asùnlóòró rẹ́rìn-ín ẹni tó ti rẹ̀. "Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Ọ̀gá mi rò pé mo ti ya ọ̀lẹ."

"Kí ló wá yí ọ padà?"

"Ó sú mi. Orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́, olólùfẹ́ mi. Mi ò fẹ́ ìyàwó ọlọ́sẹ̀ méjì. Mo ti ríṣẹ́ tíṣà nílùú yín. Kì í ṣe iṣẹ́ ńlá o, àmọ́ màá máa rí ẹ lójoojúmọ́, títí kan ọjọ́ tínú bá ń bí ẹ. Ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Wàá kọ́kọ́ bá màámi sọ̀rọ̀."

"Kí n tó tú ẹrù mi ni màá ti lọ kí wọn."

Ọmọ Aránṣọ nu ojú rẹ̀. Ó rẹ̀ ẹ́ títí dé egungun, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ fúyẹ́. "Ó dáa, màá fẹ́ ẹ. Àmọ́ ṣèlérí kan fún mi."

"Èwo?"

"Pé a ò ní í rí ara wa níbí mọ́ láéláé."

"Mo ṣèlérí," ni Asùnlóòró wí, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú títí awakọ̀ tó máa gbé wọn lọ fi fọn fèrè.