Ohun Tó Wà Lábẹ́ Jíìpù Alàájì

Ojú oorun ni Mọ́síùrá wà nígbà tí Lúkmánì kọ́kọ́ rí i. Franck, ẹni tó ń fi ọkọ̀ rẹ̀ wọ́ ọkọ̀ tó bá dákú kiri àdúgbò Marcory, ló wọ́ jíìpù àtijọ́ kan dé ẹnu ọ̀nà gáréèjì Lúkmánì ní Anoumabo. Ó tú okùn, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Lúkmánì yọjú wo inú jíìpù náà. Obìnrin kan ló wà níbẹ̀, ó gbé orí lé ìdarí ọkọ̀, ìborí rẹ̀ ti yẹ̀ sẹ́yìn, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì di ìdarí náà mú ṣinṣin.

Ọkùnrin mìíràn ìbá kan gíláàsì. Lúkmánì kò kàn án, nítorí òun náà mọ bí àárẹ̀ ṣe ń rí. Ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì ni. Ogún ọdún nínú rẹ̀ ló fi dùbúlẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ ní ìlú elédè Faransé yìí, ìyàwó tó fẹ́ tẹ́lẹ̀ ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀, obìnrin náà ti padà sí Ìgbòho, ìlú àwọn méjèèjì, ẹ̀yìn sì ń dun ọkùnrin náà láràárọ̀. Ó wá páálí kan, ó fi dí oòrùn níwájú gíláàsì, ó sì lọ jókòó sórí táyà.

Nígbà tí obìnrin náà ta jí, ẹ̀rù bà á. "Ẹ gbà mí! Aago mélòó ló lù?"

"Onze heures, aago mọ́kànlá, ti kọjá. Ẹ kú oorun."

"Ẹ̀yin wá ń wò mí, ẹ jẹ́ kí n sùn?"

"Ọkọ̀ ló bàjẹ́, màdáámù, ẹ̀yin ò tíì bàjẹ́. Mo ní kí n dá èyí tó ṣì ń ṣiṣẹ́ sí."

Obìnrin náà fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Àwọn tó ń sọ pé ara dídán ni ìfẹ́ fi ń wọlé, ẹ dá wọn lóhùn fún mi: wọn ò tíì rí obìnrin tó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu itọ́ oorun, tó sì ń rẹ́rìn-ín nínú ọkọ̀ tó kú. Lúkmánì rí i, ó sì ti kó sí wàhálà.

Ọmọ Alàájì Mùkáílà ni Mọ́síùrá, ará Ṣakí tó ti ń ta ìkòkò ní Adjamé fún ogójì ọdún. Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn ni ẹsẹ̀ òsì Alàájì kọ iṣẹ́, ni ọmọbìnrin náà bá gba kọ́kọ́rọ́ jíìpù. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ló ń di ìkòkò kún un, á sì kọjá Adzopé lọ sí àwọn abúlé olóko, níbi tí ẹrẹ̀ ti ń gbé mọ́tò mì bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ tó ń fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fa ara rẹ̀ nìkan ló ń dé ibẹ̀. Ohun tí ilé wọn ń jẹ, ẹ̀yìn jíìpù yẹn ló ti ń wá. Àwọn ọkùnrin tó wá fẹ́ Mọ́síùrá, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun ti ọjà dé ná. Wọn ò dúró. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì báyìí, kò sì rántí ìgbà tó jókòó gbẹ̀yìn láìṣe nǹkan kan.

Lúkmánì ní àṣà kan tí àwọn oníbàárà rẹ̀ kì í fẹ́. Kò ní tún ọkọ̀ ṣe àfi tí ẹni tó gbé e wá bá bá a wọ abẹ́ rẹ̀. "Ohun tí ojú yín ò bá rí," ó máa ń wí, "ẹ ó ní irọ́ ni mo pa." Ẹní tó mọ́ ló tẹ́ fún Mọ́síùrá. Àwọn méjèèjì dùbúlẹ̀ lábẹ́ irin ńlá náà, ó sì fi ìka hàn án pé kílọ́ọ̀ṣì ọkọ̀ ti jẹ tán.

"Báwo ni ẹ ṣe ń fi ọkọ̀ yìí gun òkè?"

"Àdúrà ni mo fi ń gùn ún."

"Ọlọ́run pàápàá á ti ní kí ẹ wá rí mécanicien."

Ọjọ́ mẹ́ta ni iṣẹ́ náà gbà. Kò yẹ kó máa wá lójoojúmọ́, àmọ́ ó ń wá. Á gbé attiéké tí wọ́n fi gbágùúdá ṣe àti ẹja díndín wá, wọ́n á jọ jẹ ẹ́ nínú abọ́ kan náà. Ní ọjọ́ kejì ó ní kó dẹ́kun pípe òun ní màdáámù. Ní ọjọ́ kẹta Lúkmánì ń pè é ní Mọ́sí, òun náà ń pè é ní Ìgbòho, pẹ̀lú ẹ̀rín.

Ọ̀sán ọjọ́ kẹta yẹn ni nǹkan bàjẹ́. Lúkmánì ń fọ abẹ́ ọkọ̀ kó tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ọ́ìlì dúdú tó ti gan ló bo ṣáásí, egungun ńlá tó gbé gbogbo ọkọ̀ dúró. Ó ha á díẹ̀, ó fi òòlù kàn án. Ní apá òsì, òòlù wọlé.

"Kí ni Alàájì ń fi ọkọ̀ yìí kó tẹ́lẹ̀ yàtọ̀ sí ìkòkò?" ó bi í léèrè.

"Ẹja oníyọ̀, láti Port, létí èbúté. Ọdún mẹ́jọ. Kí ló dé?"

Omi iyọ̀ ti ń kán sórí irin náà fún ọdún mẹ́jọ. Lọ́dọọdún sì ni Alàájì ń gba ọ́ìlì tí wọ́n fà jáde lára ẹ́ńjìnnì, tó ń fi kun abẹ́ ọkọ̀ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe ní Ṣakí kí irin má baà dógùn-ún. Ọ́ìlì náà sé iyọ̀ mọ́nú. Lókè, ó ń dán. Lábẹ́, irin ti di ìyẹ̀fun. Ìkẹ́ tí bàbá fi ń kẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ ló bo egbò rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Mọ́síùrá wọ abẹ́ rẹ̀, ó rí i. "Ẹ bá mi jó irin lé e. Ọ̀la ni mardi, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n ń retí mi lóko."

"Irin tó ti jẹrà kì í gba irin tuntun. Gbogbo ẹ̀gbẹ́ òsì la máa pààrọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta."

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta! Kí ni a ó máa jẹ?" Ó fa apá aṣọ Lúkmánì. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún bàbá mi. Ọkọ̀ yìí nìkan ló kù tó ń mú inú rẹ̀ dùn. Ẹ ní kílọ́ọ̀ṣì nìkan ni."

Kò tíì sọ ọ́ tán tí fóònù rẹ̀ fi dún. Alàájì ni, ó fẹ́ bá mécanicien sọ̀rọ̀. Mọ́síùrá na fóònù sí Lúkmánì, ó ń fi ojú bẹ̀ ẹ́.

"Ọkọ̀ mi ńkọ́?" ni Alàájì wí.

Lúkmánì wo Mọ́síùrá. Ó ti fẹ́ràn rẹ̀ ju kó parọ́ lọ. "Bàbá, kílọ́ọ̀ṣì ti dára. Ṣáásí ló ti jẹrà. Bí mo bá fún ọmọ yín ní ọkọ̀ yìí lónìí, ó lè pín sí méjì lójú ọ̀nà."

"Ọkọ̀ tí mò ń fi ọwọ́ ara mi kùn lọ́dọọdún? Àwọn Ìgbòho! Gbé ọkọ̀ mi fún ọmọ mi, kí o má sì tún sún mọ́ wa mọ́!"

Mọ́síùrá gba fóònù, ó wọlé lọ tu bàbá rẹ̀ lójú fún ìgbà pípẹ́, lẹ́yìn náà ló yọ kọ́kọ́rọ́ lára ìṣó. Ìgbà tó dé ìta ló rí i pé táyà iwájú méjèèjì kò sí lẹ́sẹ̀ ọkọ̀. Lúkmánì ti tú wọn, ó ti tì wọ́n mọ́ inú yàrá.

"Ta ló sọ yín di ọkọ mi?"

"Kò sí ẹni tó sọ mí dà á. Ẹ kórìíra mi, mo fara mọ́ ọn. Ẹni tó bá wà láàyè ló lè kórìíra èèyàn."

Mọ́síùrá ju kọ́kọ́rọ́ náà sílẹ̀, ó sì lọ.

Ọjọ́ mọ́kànlá ni Lúkmánì kò fi gbúròó rẹ̀. Mọ́síùrá ń wọ ọkọ̀ èrò lọ dé Adzopé, á wá fi orí ru ìkòkò wọnú ẹrẹ̀. Ó ń bú Lúkmánì ní gbogbo ọ̀nà, ọkàn rẹ̀ sì ń fà sí i, ìyẹn ló ń bí i nínú jù. Lúkmánì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló jáde lọ síbi tí wọ́n ti ń tú òkú ọkọ̀ tà. Ó ra ṣáásí tó jọ ti jíìpù náà, láìsí ẹni tó rán an.

Ní ọjọ́ kejìlá, takisí kan dúró. Alàájì Mùkáílà sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá, Mọ́síùrá dì í mú, kò wo ojú Lúkmánì. Lúkmánì dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú ọ́ìlì.

"Dìde. Ọkọ̀ mi ni mo wá gbé."

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ ni ín. Àmọ́ ẹ bá mi wò ó ná."

Alàájì kò lè wọ abẹ́ ọkọ̀. Lúkmánì fi jáàkì gbé jíìpù náà sókè gan-an, ó tò búlọ́ọ̀kù sábẹ́ rẹ̀ títí ṣáásí fi dé ibi tí ọwọ́ ẹni tó jókòó lè dé. Ó gbé àga kalẹ̀, ó fi òòlù kékeré kan lé bàbá lọ́wọ́. "Mi ò ní sọ nǹkan kan. Ẹ kàn án, kí ẹ gbọ́."

Ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan nípa àwọn tó ń ta ìkòkò: wọn kì í fi ojú rajà. Èékánná ni wọ́n fi ń kan ìkòkò, etí ni wọ́n fi ń mọ èyí tó ti là. Láàárín ogójì ọdún, kò sí ìkòkò líla kan tó gba ọwọ́ Alàájì kọjá.

Ó kan apá ọ̀tún. Irin dún gooro. Ó kan apá òsì. Ó dún bíi pákó tó rà. Ó tún un kàn, ọwọ́ rẹ̀ sì wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Ó ti là," ni bàbá wí. "Ó ti pẹ́ tó ti là." Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Mọ́síùrá, inú kí ni mo ń rán ọ sí láti ọjọ́ yìí?"

Mọ́síùrá ṣí ẹnu láti sọ pé kò sí wàhálà, bó ṣe máa ń sọ. Ẹkún ló gbọ̀n ọ́n. "Bàbá, ó ti rẹ̀ mí. Ó ti rẹ̀ mí gan-an."

Ọdún mẹ́fà ni kò fi sọ ọ́. Alàájì fa orí ọmọ rẹ̀ mọ́ra. Lẹ́yìn náà ló wo Lúkmánì, tí ọ́ìlì kùn láti orí dé ẹsẹ̀. "Inú ìkòkò dúdú ni ẹ̀kọ funfun ti ń jáde," ó wí, ó sì da òòlù padà fún un. "Tún un ṣe. Má kánjú."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé géérégé. Mọ́síùrá ló ń di iná mú fún un lábẹ́ ọkọ̀.

"Ẹ máà bínú sí mi, Ìgbòho."

"Èmi ló yẹ kí n bẹ̀bẹ̀. Mo tú táyà yín láìgba àṣẹ."

"Ẹ ṣì lè tún un tú."

Lúkmánì gbé sípánà sílẹ̀. "Mọ́sí, mi ò lówó, mi ò sì kéré lọ́jọ́ orí. Ẹ̀yìn ń dùn mí. Ṣùgbọ́n bí o bá fẹ́ mi, mi ò ní parọ́ fún ọ láéláé."

"Ẹ̀yìn ń dun èmi náà," ó wí, ó sì fi orí lé èjìká rẹ̀, lórí ẹní, lábẹ́ jíìpù.

Ní ilé Alàájì ní Adjamé ni wọ́n ti so yìgì. Àáfà bi ìyàwó pé kí ló fẹ́ gbà ní sàdáàkì.

"Lundi, ọjọ́ Ajé," ni Mọ́síùrá wí. "Gbogbo lundi ayé wa. Èmi ò ní dirù, òun náà ò ní fọwọ́ kan ọkọ̀ ẹnikẹ́ni. A ó kàn jókòó."

Ilé bú sẹ́rìn-ín. Àáfà ní ọjọ́ kò ṣeé gbé léni lọ́wọ́, kí wọ́n fi òrùka wúrà kún un, Lúkmánì sì fi í kún un. Àáfà wá kìlọ̀ fún un pé ohun ìní ìyàwó ni sàdáàkì, ọkọ kò gbọdọ̀ mú un láìjẹ́ pé ìyàwó yọ̀ǹda.

Lundi àkọ́kọ́ dé. Àwọn méjèèjì jókòó sí ẹnu ilẹ̀kùn ní Anoumabo, tíì lọ́wọ́ wọn, ẹsẹ̀ Mọ́síùrá lórí itan ọkọ rẹ̀. Ẹnìkan bẹ̀rẹ̀ sí í gbá géètì gáréèjì.

"Patron! Patron, moteur mi ń gbóná o!"

Lúkmánì gbé ife kalẹ̀, ó ti fẹ́ dìde. Mọ́síùrá te ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ ọn nítan.

"Olówó orí mi," ó wí jẹ́jẹ́, "sàdáàkì mi lẹ fẹ́ gbé lọ yẹn."

Lúkmánì tún jókòó.