Ẹ Má Sun Ewé Oníhò

Omi tó ya wọlé ti fà, ẹrẹ̀ ṣì wà lára ògiri. Apẹja jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń pọ́n àdá. Ìyàwó rẹ̀ ń gbá ẹrẹ̀ jáde nínú yàrá.

"Kí lẹ fẹ́ fi àdá ṣe láàárọ̀ yìí?"

"Koríko àlejò ni. Omi ti gbé e lọ, àfi díẹ̀ tó há sí ẹ̀yìnkùlé wa. Mo fẹ́ gé e, kí n sun ún, ká sinmi."

Obìnrin náà mọ ìdí rẹ̀. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, á sá. Koríko yìí, tó ń léfòó, tó ń tan òdòdó aláwọ̀ àlùkò, òkèèrè ló ti wá. Òun ló dí odò nígbà kan, tí ọkọ̀ wọn fi wà lórí ilẹ̀ títí pákó rẹ̀ fi sán, tí ọmọ wọn fi kúrò nílé ìwé. Ìgbà tí ilé iṣẹ́ ọ̀gbìn kó kòkòrò kéékèèké wá, tí àwọn kòkòrò náà ń jẹ koríko ọ̀hún díẹ̀díẹ̀, ni ojú omi tó là.

Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, apẹja ti gé koríko jọ sí bèbè. Ó ń wá ìṣáná lọ́wọ́ nígbà tí òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ọ̀gbìn tí wọ́n ń pè ní Ìyá Kòkòrò dé.

"Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ṣáná sí i."

"Ẹ káàbọ̀, Ìyá Kòkòrò. Àwọn ọmọ yín ti bómi lọ."

"Wọn ò tíì lọ tán." Ó fa ewé kan yọ, gbígbẹ, tí ihò kún ara rẹ̀. Kòkòrò dúdú kan tí ò tó hóró ẹ̀wà ń rìn nídìí rẹ̀. "Inú ewé tó burẹ́wà yìí ni ilé wọn."

"Koríko ti lọ. Kí la tún fẹ́ fi kòkòrò ṣe?"

"Irúgbìn rẹ̀ wà nínú ẹrẹ̀. Bí oòrùn bá ràn, á hù, á sì yára pọ̀ ju kòkòrò lọ. Bí ẹ bá sun ìwọ̀nba tó kù, ta ni yóò bá yín jẹ ẹ́?"

Apẹja wo òkìtì náà. "Kí n dá a padà sómi? Èmi tí mo ti ń gé láti àárọ̀?"

Ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní ìjókòó lásán ń dùn yín nídìí nígbà tí odò dí. Iṣẹ́ rèé, Bàbá."

Wọ́n dá a padà. Wọ́n ri ọparun yí i ká kí omi má baà wọ́ ọ lọ.

Oòrùn ràn lóòótọ́. Koríko hù létí omi bí ẹni gbin ẹ̀fọ́. Ọkàn apẹja ò balẹ̀ títí ó fi rí ihò àkọ́kọ́ lára ewé tuntun. Koríko ò tán o, ṣùgbọ́n ọ̀nà ọkọ̀ ò dí. Nísàlẹ̀ odò, níbi tí wọ́n ti sun tiwọn, koríko dí ọ̀nà, ọkọ̀ ń bẹ lórí ilẹ̀, ìdí rẹ̀ kọjú sókè. Ará ibẹ̀ kan wá tọrọ apẹ̀rẹ̀ ewé kan.

"Lọ bá Ìyá Kòkòrò," ni apẹja wí. "Òun ló mọ bí wọ́n ṣe ń kó kòkòrò."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé létí omi, bí àgbàrá bá gbé koríko lọ, ó ń gbé kòkòrò tó ń jẹ ẹ́ lọ pẹ̀lú. Ọ̀dá tó mú odò gbẹ náà lè pa wọ́n. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, ẹ má gé e, ẹ má sun ún, ẹ má fọ́n oògùn sí i, ẹ má sì gbé e lọ sí odò mìíràn fúnra yín. Ẹ ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ ọ̀gbìn kí wọ́n wá wò ó. Ewé oníhò kọ́ lọ̀tá yín. Èyí tó ń dán, tí ohunkóhun ò tíì fẹnu kàn, òun ni kẹ́ ẹ máa ṣọ́ra fún.